Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà: kí ni ọmọ ogun lè ṣe, kí ni kíkọ ọjà sílẹ̀ lè ṣe?

Ìbéèrè: Òǹkàwé wa kan láti Òṣogbo kọ̀wé pé: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti kọlu àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Gúúsù Áfíríkà ni àríyànjiyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀ wa. Àwọn kan á ní ọmọ ogun wa ju tiwọn lọ, kí ìjọba fi agbára hàn wọ́n. Àwọn mìíràn á ní ká má ra ohunkóhun tó bá jẹ́ tiwọn mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló lágbára jù nínú àwa méjèèjì? Ṣé kíkọ ọjà wọn sílẹ̀ sì lè mú wọn yí padà?”

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè méjì ni ẹ bi mí, n ó sì yára dáhùn èyí àkọ́kọ́, nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò.

Àwọn ìwé àtòjọ tó ń fi nọ́ńbà sí iwájú ọmọ ogun orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún máa ń dùn ún kà, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn ni pé ibo ni ọmọ ogun náà fẹ́ lọ, kí ni yóò gbé e débẹ̀, àti pé oṣù mélòó ni yóò lè jẹun níbẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ra ọkọ̀ òfurufú ajagun Gripen mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́wọ́ Sweden, ó sì ra ọkọ̀ abẹ́ omi mẹ́ta lọ́wọ́ Jámánì. Nàìjíríà kò ní ọkọ̀ abẹ́ omi kankan. Bí a bá ka ìyẹn nìkan, a ó ní wọ́n jù wá lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn Gripen yẹn ti wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nítorí àìsí owó àtúnṣe, àti ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà mẹ́rìnlá ló kú ní àyíká Goma ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 gba ìlú náà. Ní tiwa, ọkọ̀ òfurufú Super Tucano méjìlá tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí wa ní 2021 dára fún lílé àwọn tó sá pamọ́ sínú igbó tí wọn kò ní ọkọ̀ òfurufú, kì í ṣe fún kíkojú ọkọ̀ ajagun mìíràn lójú ọ̀run. Láti 2009 ni àwọn ọmọ ogun wa ti ń bá Boko Haram jà ní ìlà-oòrùn àríwá, kí a tó wá sọ ti àwọn agbébọn ní ìwọ̀-oòrùn àríwá. Èkó sí Johannesburg tó nǹkan bí 4,500 kìlómítà, a kò bá wọn pààlà, kò sì sí ẹni tó lè gbé ogun dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì nínú wa. Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ìfiwéra yẹn kò so èso kankan. Ẹni méjì tí ọwọ́ wọn kò lè kan ara wọn ni àwọn ènìyàn ń bi léèrè pé ta ló lè lu ẹnì kejì.

Ìbéèrè kejì ló gba ìrònú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì mọ̀ ni pé Nàìjíríà ti dán an wò rí, lórí orílẹ̀-èdè yìí gan-an, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà náà, àwọn aláwọ̀ funfun tí wọn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún lọ ló ń ṣàkóso Gúúsù Áfíríkà pẹ̀lú òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹta 1960, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn mọ́kàndínláàádọ́rin ní Sharpeville, torí pé wọ́n jáde láti tako ìwé ìrìnnà tí a fi dè wọ́n lẹ́sẹ̀. Inú gbogbo aláwọ̀ dúdú ló bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ iye ọmọ ogun là ń kà, Nàìjíríà ní èyí tó ju 200,000 lọ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, síbẹ̀ wọn kò lè dé Pretoria, ibùjókòó ìjọba Gúúsù Áfíríkà. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ̀dùn-ọkàn wà, iye wà, ọwọ́ ni kò tẹ èèkù.

Ẹ tún wo agbára ẹni tí a ń bá jà. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti sọ ọ́ di dandan láti 1967 kí gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì sọ ọ́ di ọdún méjì gbáko ní 1977. Wọ́n ní àgbá G5 tí ọta rẹ̀ ń lọ tó nǹkan bí ogójì kìlómítà. Wọ́n ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì mẹ́fà ní ìkọ̀kọ̀, èyí tí Ààrẹ F.W. de Klerk kò jẹ́wọ́ rẹ̀ títí di oṣù Kẹta 1993, lẹ́yìn tí wọ́n ti tú wọn palẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1982 wọ́n wọ Maseru, olú ìlú Lesotho, wọ́n pa ènìyàn méjìlélógójì lóru. Ní oṣù Karùn-ún 1986, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n kọlu Harare, Lusaka àti Gaborone. Kò sí aládùúgbò kan tó lè dá nìkan dá wọn dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àtòjọ agbára ogun jáde ní ọdún yẹn, yóò sọ pé ìjọba yìí kò ní kúrò títí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn náà, Nelson Mandela di Ààrẹ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Mo fẹ́ rọra ṣàlàyé rẹ̀, nítorí àwọn kan máa ń sọ pé kíkọ ọjà sílẹ̀ ló ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn mìíràn á sì ní ìbọn àwọn ará Kúbà ni, àwọn méjèèjì ló sì ń fi ìdajì ìtàn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá 1977, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fòfin de títa ohun ìjà fún Gúúsù Áfíríkà, ní ìpinnu onínọ́ńbà 418. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ bí èyí tí wọ́n ṣe ní 1963. Dandan ni èyí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Faransé tó ti ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi méjì fún wọn ní èbúté rẹ̀ dá a dúró, Pakistan ló sì ra àwọn ọkọ̀ náà níkẹyìn. Àwọn tó fẹ́ràn Pretoria nígbà náà fi èyí ṣẹlẹ́yà, wọ́n ní òfin náà kàn mú kí Gúúsù Áfíríkà kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Armscor ṣe ìbọn, ó ṣe ọta, ó ṣe ọkọ̀ ogun tí bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ kò lè tètè bàjẹ́, ó tilẹ̀ ń ta wọ́n fún àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú ajagun kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dédé rọ ní ilé. Àwọn Mirage tí wọ́n ti rà kí òfin náà tó jáde ni wọ́n ń lò títí, wọ́n sì ń tún àwọn tó ti gbó ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ísírẹ́lì. Èyí tó bá já bọ́, kò sí ibi tí wọn yóò ti ra òmíràn.

Ibi tí èyí ti hàn ni Àǹgólà. Láti 1975 ni Gúúsù Áfíríkà ti wọ orílẹ̀-èdè náà láti bá ìjọba MPLA jà, Kúbà sì rán ọmọ ogun láti ibi tó jìnnà ju 10,000 kìlómítà lọ wá ran MPLA lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹwàá 1987, Gúúsù Áfíríkà àti àwọn ọmọ ogun UNITA, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tó ń bá MPLA jà, fọ́ ẹgbẹ́ ogun Àǹgólà kan yángá ní etí odò Lomba. Èyí kì í ṣe ohun tí a lè sẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lépa dé Cuito Cuanavale, wọ́n jà á fún oṣù mélòó kan, wọn kò sì rí ìlú náà gbà. Àwọn MiG-23 tí Sófíẹ́ẹ̀tì kó wá ti ń borí àwọn Mirage wọn lójú ọ̀run, àwọn ọ̀gá ogun ní Pretoria sì ń ka ọkọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó tó kù nínú àpò. Ní oṣù Kẹfà 1988 àwọn MiG náà ju bọ́ǹbù sí ìdídò Calueque nítòsí ààlà Nàmíbíà, ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà méjìlá ló kú lọ́jọ́ náà. Fún ìjọba tó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ ló ń dìbò fún un, tí ọmọ àwọn olùdìbò yẹn sì ń kú lójú ogun, òkú méjìlá jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní New York, Nàmíbíà sì gba òmìnira ní 1990. Tọ̀túntòsì ló ń sọ pé àwọn ló ṣẹ́gun ní Cuito. Ní tèmi, òfin ohun ìjà nìkan kì bá tí ṣẹ́gun wọn. Àwọn ará Àǹgólà àti Kúbà tó kú níbẹ̀ ló mú kí òfin náà ní eyín. Ṣùgbọ́n bí ọjà ohun ìjà bá ṣí sílẹ̀ fún Pretoria, ojú ọ̀run Àǹgólà kì bá tí bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ti owó ló wá burú jù fún wọn. Ní oṣù Keje 1985, báǹkì Chase Manhattan ti New York sọ pé òun kò ní fa ọjọ́ ìsanpadà gbèsè Gúúsù Áfíríkà gùn mọ́, àwọn báǹkì mìíràn sì tẹ̀lé e. Báǹkì yẹn kò ṣe é nítorí ìfẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ohun tó bà á lẹ́rù ni rògbòdìyàn tó ń jó ní àwọn ìlú wọn, àti ariwo àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn ilé ìjọsìn, àwọn yunifásítì àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó ń halẹ̀ pé àwọn yóò kó owó àwọn kúrò. Owó rand wó lulẹ̀, wọ́n ti ọjà ìpín ìdókòwò pa fún ọjọ́ mélòó kan, ìjọba sì kéde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án pé àwọn kò lè san gbèsè àwọn ní àsìkò mọ́. Ní 1986, Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin ìjẹniníyà lé Ààrẹ Reagan lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Reagan ti kọ̀ láti fọwọ́ sí i. General Motors àti IBM jáde. Ní oṣù Kọkànlá, Barclays tó ti wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ta ìpín rẹ̀, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀ láti ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Epo náà ńkọ́? Títí di 1979, Ìráànì ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú epo wọn. Nígbà tí ìjọba Shah ṣubú, àwọn tó gba ipò rẹ̀ ti ẹnu ẹ̀rọ náà, Pretoria sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra epo lọ́wọ́ àwọn alágbàtà ní owó gọbọi, wọ́n sì ń ná òbítíbitì owó láti yọ epo lára èédú ní Secunda. Ààrẹ P.W. Botha fúnra rẹ̀ sọ ní 1986 pé láàárín 1973 sí 1984, àfikún owó tí wọ́n san nítorí ìfòfindè epo tó bílíọ̀nù 22 rand. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò dùn kì í jẹ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ipa tiwa, nítorí ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Keje 1976, àwọn eléré ìdárayá wa ti dé Montreal fún ìdíje Òlímpíìkì nígbà tí ìjọba pè wọ́n padà, torí pé New Zealand, tí ẹgbẹ́ rugby rẹ̀ lọ ṣeré ní Gúúsù Áfíríkà, ṣì wà nínú ìdíje. Ohun tó lé ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà márùndínlọ́gbọ̀n ló padà sílé. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin sáré ní ojoojúmọ́ nítorí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn mọ ohun tí ó fi sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àǹfààní náà kò sì tún yà fún mọ́. Ní ọdún yẹn náà ni wọ́n dá àpò ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ará gúúsù Áfíríkà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń dá lára owó oṣù wọn sí i. Ní 1978, ìjọba kó owó rẹ̀ kúrò ní Barclays ti Nàìjíríà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni báǹkì náà yí orúkọ padà sí Union Bank. Ní òpin oṣù Keje 1979, nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè Commonwealth fẹ́ péjọ ní Lusaka lórí ọ̀rọ̀ Rhodesia, tí àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ ń ṣàkóso nígbà náà, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba gbogbo ohun tí BP ní ní Nàìjíríà, nítorí ọ̀ràn epo tó ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ẹ̀ka tó ń ta epo fún aráàlú ni a sọ di African Petroleum, AP tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà ní Lusaka láti pe gbogbo àwọn ará Rhodesia sí ìpàdé, ìpàdé yẹn ló sì bí Zimbabwe ní oṣù Kẹrin 1980.

Mo mẹ́nu kan Rhodesia. Ìtàn rẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó bá ń pariwo “ẹ má rà á mọ́” kọ́kọ́ kà. Láti 1966 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fòfin dè é, síbẹ̀ ìjọba Ian Smith kò kúrò fún ọdún mẹ́tàlá, nítorí pé Gúúsù Áfíríkà ń gba ọjà rẹ̀ kọjá, Portugal tó ń ṣàkóso Mozambique náà ń gbà á kọjá, Amẹ́ríkà pàápàá ṣe òfin ní 1971 kí òun lè máa ra chrome rẹ̀. Ìgbà tí Mozambique gba òmìnira ní 1975, tí ó sì ti ààlà, tí àwọn ajàjàgbara ń jà láti ibẹ̀, ni ọ̀rùn Smith bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Kíkọ ọjà sílẹ̀ dà bí agbọ̀n: ihò kan tó tóbi ti tó láti da gbogbo rẹ̀ nù. Kúbà náà wà lábẹ́ ìfòfindè Amẹ́ríkà láti 1962 títí di òní, ìyà jẹ aráàlú, ìjọba kò sì yí padà.

Kí ló wá mú ti Gúúsù Áfíríkà yàtọ̀? Ohun tí mo ka sí pàtàkì jù ni pé àwọn tí ìyà ń jẹ ló béèrè rẹ̀. Ní 1959, Albert Luthuli tó jẹ́ olórí ANC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n má ra ọjà orílẹ̀-èdè òun, ó sì mọ̀ pé yóò dun àwọn ènìyàn òun. Kì í ṣe gbogbo aṣáájú aláwọ̀ dúdú ló gbà; Mangosuthu Buthelezi tako ìjẹniníyà títí, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tálákà ni yóò jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aráàlú ń tẹ̀ lé ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ náà ṣe kedere: ẹ tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn dìbò. Ní 1984, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń gba owó ní ilé ìtajà Dunnes ní Dublin, Mary Manning, kọ̀ láti ta ọsàn grapefruit Gúúsù Áfíríkà fún oníbàárà. Wọ́n dá a dúró, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a jáde, wọ́n sì dúró síta títí di 1987 tí ìjọba Ireland fòfin de èso àti ẹ̀fọ́ láti Gúúsù Áfíríkà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìgbà tí yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ìdáhùn. Mandela fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní oṣù Kẹsàn-án 1993 pé ó tó, ẹ ṣí ọjà. Ilẹ̀kùn tí a mọ ẹni tó ní kí á tì, tí a sì mọ ẹni tí yóò ní kí á ṣí i, ni ilẹ̀kùn yẹn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á fi èyí wo ọ̀rọ̀ tí ẹ ń jiyàn lé lórí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, lẹ́yìn ìkọlù ní Johannesburg, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Nàìjíríà ya wọ Shoprite, MTN sì ti àwọn ilé ìtajà rẹ̀ pa. Ọmọ wa ni àwọn òṣìṣẹ́ tó sá jáde, ọmọ wa ló ni púpọ̀ nínú ọjà tó wà lórí àtẹ. Láti ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ ta ló ni kí ni ti yí padà sí i: MTN Nàìjíríà ti wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò Èkó láti oṣù Karùn-ún 2019, àwọn ará ilé wa sì ní ìpín níbẹ̀, àwọn olùdókòwò Nàìjíríà ra Shoprite tibí ní 2021, ilé iṣẹ́ Faransé, Canal+, ló gba MultiChoice tó ni DStv ní 2025. Ẹni tó bá já okùn DStv rẹ̀ lónìí láti fi bínú sí Pretoria, Paris ló ń bá wí. Pàtàkì jù, àwọn tó ń lé àwọn àjèjì kiri kì í ṣe àwọn tó ni ilé iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́, wọn kò sì ní ìpín kankan tí a lè mú kó wálẹ̀.

Ohun tó ti ìjọba wọn lójú ní 2019 kì í ṣe ti ilé ìtajà. Nàìjíríà kọ̀ láti lọ sí ìpàdé ọrọ̀ ajé ńlá tí wọ́n ṣe ní Cape Town lọ́sẹ̀ yẹn; Air Peace gbé àwọn ọmọ wa tó fẹ́ padà wálé láìgba kọ́bọ̀; Ààrẹ Ramaphosa sì rán ikọ̀ wá sí Àbújá láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ààrẹ Bùhárí. Orílẹ̀-èdè tó gba òmìnira rẹ̀ nípasẹ̀ ìtìjú tí ayé fi bo ìjọba ìṣáájú mọ bí ìtìjú ṣe ń rí lára. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń gba ìjọba wa nímọ̀ràn, ibẹ̀ ni n ó tẹ̀: kí wọ́n béèrè orúkọ àwọn tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n béèrè iye tí wọn yóò san fún ẹni tí wọ́n jó ìsọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì máa béèrè ní gbogbo ìpàdé Ìṣọ̀kan Áfíríkà títí ìdáhùn yóò fi wá.

Ní ti ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní ìsọ̀, kí ẹ tó fẹnu kò pé ẹ kò ní ra nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ènìyàn yín tó ń gbé níbẹ̀, àwọn tó ní ìsọ̀ ní Johannesburg, tó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, tí ọmọ wọn ń lọ sí ilé ìwé níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe é, ẹ sì bi wọ́n ohun tí wọ́n rò pé àwọn aládùúgbò wọn yóò ṣe ní ọjọ́ kejì tí ìròyìn rẹ̀ bá dé ọ̀hún. Ohun tí wọ́n bá sọ fún yín ju èyí tí èmi lè sọ láti ibí lọ.